Bí mo ṣe kọ́ ọ̀pọ̀lọ́ kan ní fífò: àkọsílẹ̀ géèmù àkọ́kọ́ tí mo ṣe

Mo ti ń gbá géèmù láti ìgbà tí àtàǹpàkò mi ò tíì lè tẹ bọ́tìnnì páàdì dáadáa. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn géèmù tí èèyàn ti ń sáré, tó ń fò láti orí pèpéle kan bọ́ sórí òmíràn, tí ẹ̀gún wà nísàlẹ̀, tí kòtò wà níwájú. Nígbà tó yá, mo ní kí n ṣe tèmi: ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan tó ń wá ọ̀nà padà sódò, ìpele mẹ́ta péré. Mo rò pé àwòrán ló máa gba àkókò mi jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wákàtí 86 ni mo kọ sínú ìwé iṣẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 37 nínú ẹ̀ ló sì lọ sórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n fi ń fò. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa pẹ́ níbẹ̀, tí màá sì yára kọjá láwọn ibòmíràn.

Irinṣẹ́ àti owó

Godot 4.3 ni mo fi ṣe géèmù náà, GDScript ni mo sì fi kọ kóòdù. Ọ̀fẹ́ ni Godot, kóòdù rẹ̀ sì ti wà ní gbangba láti ọdún 2014. LibreSprite ni mo fi ya àwòrán, jsfxr ni mo fi ṣe ohùn, Audacity ni mo fi gé ohùn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ ni mo lò, pẹ̀lú páàdì kan. N kò ná kọ́bọ̀ lórí irinṣẹ́. Àkókò ni mo ná, bó sì ṣe pín nìyí: àwòrán 19, ìrìn 5, fífò 37, ìpele 14, ohùn 6, ọ̀rọ̀ ojú géèmù àti gbígbé e jáde 5.

Ìgbésẹ̀ 1: Àwòrán ni mo kọ́kọ́ yà, ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ya àwòrán. Mo ya ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 32 (píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), àwòrán mẹ́jọ fún ìrìn rẹ̀ nìkan. Mo ya igi, mo ya òṣùpá, mo ya koríko tó ń mì. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í fò, mo rí i pé ọ̀pọ̀lọ́ náà ti tóbi jù fún kòtò tí mo ní lọ́kàn, kò sì sí ibi tí pèpéle kejì máa dúró sí. Mo dín in kù sí 16. Bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe yí báyìí ni igi kò bá a mu mọ́, ni koríko kò bá igi mu mọ́. Gbogbo ẹ̀ ni mo kó dànù.

Tí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, àpótí aláwọ̀ eérú lásán ni màá lò títí fífò á fi dára. Bí mo ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn: àpótí aláwọ̀ ewé kan ló ń fò lórí àwọn àpótí aláwọ̀ eérú, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ohun kan ṣì wúlò nínú wákàtí 19 yẹn. Ojú géèmù mi jẹ́ 320 × 180. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 1280 × 720, ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 1920 × 1080, nítorí náà píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan máa ń fẹ̀ bákan náà lórí àwọn ojú kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn. Àmọ́ àwòrán mi ń ṣú bàìbàì bí ẹni tó ń wo nǹkan nínú kùrukùru. Inú ètò iṣẹ́ náà ni mo ti rí i: Texture Filter wà lórí Linear, tó máa ń da àwọ̀ píksẹ́lì pọ̀ mọ́ra. Mo yí i sí Nearest, àwòrán mọ́ kedere.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìrìn

Kóòdù ìrìn mi àkọ́kọ́ kò ju ìlà méjì lọ. Inú _process ni mo kọ ọ́ sí: tí wọ́n bá tẹ ọfà ọ̀tún, position.x += 2, ìyẹn ni pé kí ó sún píksẹ́lì 2 sọ́tùn-ún. Ọ̀pọ̀lọ́ rìn, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi obìnrin, ó sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ látẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ rò pé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ló há. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wá ìdí ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé _process máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún fírémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà bá yà sójú. Ojú kọ̀ǹpútà tèmi ń ya fírémù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tirẹ̀ ń ya 144. Píksẹ́lì 2 lọ́nà 60 jẹ́ 120. Lọ́nà 144, ó di 288. Àṣìṣe kejì tún wà nínú ìlà kan náà: bí mo ṣe ń yí position fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ń gba inú ògiri kọjá bí ẹni pé ògiri kò sí níbẹ̀.

Mo kó kóòdù náà lọ sínú _physics_process, tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan láìka ojú kọ̀ǹpútà sí, àyàfi tí ẹ bá yí i padà fúnra yín. Mo fi velocity (ìyára) rọ́pò position (ibi tó wà), mo sì jẹ́ kí move_and_slide() máa gbé e rìn. Ìyára tí mo fi sílẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpótí ara ọ̀pọ̀lọ́, ìyẹn ibi tí ògiri ti lè kàn án, jẹ́ 10 × 13, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ jẹ́ 16 × 16. Ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá dá wàhálà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Fífò

3.1. Gíga àti àkókò. Godot máa ń fúnni ní kóòdù àpẹẹrẹ fún CharacterBody2D, ìyẹn ẹni tó ń rìn nínú géèmù: ìyára 300, fífò −400. Òòfà ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 980. Mo lo fífò àti òòfà náà bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀lọ́ mi fò ga tó píksẹ́lì 81, lórí ojú géèmù tí kò ju 180 lọ. Ó sì ń léfòó lókè bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

Mo wá ń yí nọ́ńbà kiri bí ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò. −350. −320. Òòfà 1200. Òòfà 1100. Ọjọ́ mẹ́rin. Tí gíga bá dára, àkókò á bàjẹ́; tí mo bá tún àkókò ṣe, gíga á tún yẹ̀. Ohun tó yọ mí ni pé mo yí iṣẹ́ náà po: mo kọ́kọ́ kọ ohun tí mo fẹ́ sílẹ̀, mo wá ṣírò nọ́ńbà láti ibẹ̀.

Gíga tí mo fẹ́: píksẹ́lì 52, ó lé díẹ̀ lórí táìlì mẹ́ta (àwọn àpótí kéékèèké tí mo fi ń to ilẹ̀) tó jẹ́ 16 ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Àkókò láti ilẹ̀ dé òkè: 0.35 ìṣẹ́jú àáyá.
Àkókò láti òkè padà sílẹ̀: 0.28.

Ìyára tó máa fi gbéra: gíga lọ́nà 2, ẹ pín in sí àkókò. Òòfà: gíga lọ́nà 2, ẹ pín in sí àkókò lọ́nà àkókò. Ó fún mi ní 297 fún gbígbéra, òòfà 849 nígbà tó ń gòkè, òòfà 1327 nígbà tó ń bọ̀ nílẹ̀. Òòfà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo lò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mo fi páàdì sílẹ̀, mo sì dìde. Ọ̀pọ̀lọ́ náà ti ní ìwúwo. Ó balẹ̀ bí ohun tó ní ara.

Àpapọ̀ àkókò lófuurufú jẹ́ 0.63. Ní ìyára 110, ọ̀pọ̀lọ́ lè ré kọjá píksẹ́lì 69. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ ìwọ̀n kòtò: táìlì 3 fún kòtò lásán, táìlì 4 fún èyí tó le. Kò sí kòtò táìlì 5 níbì kankan.

3.2. Etí kòtò. Èmi fúnra mi kì í já. Mo ń fo gbogbo kòtò bó ṣe wù mí. Mo pe àbúrò mi kó wá gbá a, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò sọ ohunkóhun. Kòtò kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó sì ń já léraléra. Nígbà tó sú u, ó yíjú sí mi: “Bọ̀ọ̀dá mi, mo tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ wo ọwọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́, kò fò.”

Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé kò tètè tẹ̀ ẹ́ ni. Mo pa ẹnu mọ́. Ọmọ tó ti ń gbá géèmù láti kékeré ni òun náà, tó bá ní òun tẹ̀ ẹ́, ó ní láti jẹ́ pé ó tẹ̀ ẹ́. Mo kọ ìlà kóòdù mẹ́rin tó ń tẹ nọ́ńbà jáde: fírémù tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kúrò nílẹ̀, àti fírémù tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Mo ní kó máa gbá a lọ títí ó fi já nígbà 20.

Nínú 20 yẹn, 13 ni ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, kò sì sí èyí tó pẹ́ ju fírémù 5 lọ. Fírémù 2 tàbí 3 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú 7 tó kù, 4 ni ó tẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, látinú fífò tó ṣáájú. Mẹ́ta péré ni kò tẹ̀ rárá.

Mo dá géèmù dúró sórí ọ̀kan nínú fírémù wọ̀nyẹn, mo sì sún mọ́ ọn. Àpótí ara ọ̀pọ̀lọ́ ti kúrò lórí ilẹ̀ pátápátá. Àmọ́ àwòrán rẹ̀ fẹ̀ ju àpótí náà lọ ní píksẹ́lì 3 lápá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ ṣì tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, kedere báyìí, lójú ẹni tó ń wò ó. Òótọ́ ni àbúrò mi sọ. Ojú rẹ̀ rí ọ̀pọ̀lọ́ lórí ilẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, kóòdù mi ní kò sí lórí ilẹ̀. Èmi kì í já nítorí pé ọwọ́ mi ti kọ́ àṣìṣe kóòdù mi mọ́ra láìjẹ́ pé mo mọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Àwọn tó ń ṣe géèmù ń pè é ní coyote time: ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbá a ṣì lè fò fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀.

if is_on_floor():
    aago_eti = 0.1
else:
    aago_eti -= delta

Dípò kí n béèrè bóyá ó wà lórí ilẹ̀ kí n tó jẹ́ kó fò, mo ń béèrè bóyá aago_eti ṣì ju òdo lọ (delta ni àkókò tó kọjá láti fírémù tó ṣáájú). Àwọn tó ṣe Celeste, tó jáde ní 2018, gbé kóòdù ẹni tó ń fò nínú géèmù wọn síta fún gbogbo ayé, 0.1 náà ló wà níbẹ̀. Ó jẹ́ fírémù 6. Ní ìyára tèmi, ó jẹ́ píksẹ́lì 11, kò tó táìlì kan. Mo ti gbá Celeste parí, n kò sì mọ̀ rí pé àánú yẹn wà nínú ẹ̀.

3.3. Bọ́tìnnì tó yá jù. Èyí wà fún àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ ẹ́ kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, aago_botini á di 0.12, á sì máa dín kù. Tí ọ̀pọ̀lọ́ bá balẹ̀ kí aago náà tó tán, á fò lójú ẹsẹ̀.

3.4. Àṣìṣe tí aago méjèèjì bí. Lọ́jọ́ kejì àbúrò mi pè mí: “Ẹ wá wò ó, ó ti ń fò lẹ́ẹ̀mejì lókè.” Lóòótọ́, tó bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì kíá, ọ̀pọ̀lọ́ á tún gbéra láàárín òfuurufú. Mo ti gbàgbé láti pa aago_eti nígbà tí ọ̀pọ̀lọ́ bá fò, torí náà ó ṣì kù nílẹ̀ fún fírémù díẹ̀. Ní kété tí ó bá ti fò, ẹ sọ aago méjèèjì di òdo. Ìlà méjì.

3.5. Títẹ̀ pẹ́ àti títẹ̀ fẹ́rẹ́. Nínú Super Mario Bros., tó jáde ní 1985, tí ẹ bá di bọ́tìnnì mú pẹ́, ẹ ó fò ga; tí ẹ bá fọwọ́ kàn án lásán, ẹ ó fò díẹ̀. Àtàǹpàkò mi ti mọ èyí láti kékeré, àmọ́ orí mi kò ronú kàn án rí. Mo kọ ọ́ báyìí: bí bọ́tìnnì kò bá sí lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀lọ́ sì ń gòkè, ẹ sọ ìyára rẹ̀ di 0.4 rẹ̀. Ó kùnà. Gbogbo fírémù ló ń ṣe é, 297 á di 119, á di 48, á di 19, ọ̀pọ̀lọ́ á sì dúró lókè gbọn-in bí ẹni tó fi orí gbá àjà. Is_action_just_released ló yẹ kí n lò, kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí ọwọ́ bá kúrò.

Ibi kan tún ṣẹ́ kù tó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀, tó sì ti fi í sílẹ̀ kó tó balẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ á fò ga dé òpin, torí pé kò sí ọwọ́ tó ń kúrò mọ́ lẹ́yìn tó ti gbéra. Nítorí náà, bó bá ti fẹ́ gbéra, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé bọ́tìnnì ṣì wà lọ́wọ́? Tí kò bá sí, ìyára kékeré ló máa fi gbéra. Lónìí, títẹ̀ tí kò ju fírémù 4 lọ ń gbé ọ̀pọ̀lọ́ ga tó nǹkan bíi píksẹ́lì 23, títẹ̀ pẹ́ ń gbé e dé 52.

Ìgbésẹ̀ 4: Ohùn

N kò ronú pé ohùn lè ba fífò jẹ́. Ẹnu ara mi ni mo fi ṣe ohùn ọ̀pọ̀lọ́ àkọ́kọ́, mo gbà á sílẹ̀ nínú Audacity, mo so ó mọ́ fífò. Kíá, ẹ̀gbọ́n mi tó wá dán an wò ní fífò náà ń falẹ̀. Èmi náà tẹ̀ ẹ́ wò: lóòótọ́, ó ń falẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi tú kóòdù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìgbà tí mo pa ohùn pátá ni fífò tún padà bọ̀ sípò.

Mo ṣí fáìlì ohùn náà, mo sún mọ́ ọn. Ìdákẹ́jẹ́ 0.09 ìṣẹ́jú àáyá ló wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí n tó la ẹnu. Ọ̀pọ̀lọ́ ń gbéra lásìkò, etí ló ń gbọ́ ọ pẹ́, ọkàn sì gba etí gbọ́ ju ojú lọ. Mo gé ìdákẹ́jẹ́ náà kúrò. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo lo jsfxr fún ohùn eṣinṣin àti ti ẹ̀gún, ìyẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìpele mẹ́ta

Níhìn-ín ni mo ti pàdánù iṣẹ́. Mo fi ìpele kẹta pamọ́ sórí orúkọ ìpele kejì, ìpele kejì sì lọ tòun ti wákàtí mẹ́ta tí mo fi tò ó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nínú ìpele kìíní, mo ní kòtò kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ já sí kí wọ́n tó rí pèpéle ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó já sí i. Gbogbo wọn dúró létí ẹ̀, wọ́n ń wò ó, torí pé kòtò mìíràn gbogbo ló ti pa wọ́n. Mo kò fẹ́ kọ “ẹ já síbí” sójú géèmù. Mo fi eṣinṣin mẹ́ta tò síbẹ̀, ọ̀kan létí, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè pèpéle tó fara pamọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀lọ́ máa gbà já. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbá a kò tilẹ̀ dúró, ó tẹ̀ lé eṣinṣin lọ.

Ẹ̀gún: àwòrán 16 × 8, àpótí tó ń pa 10 × 5. Tí ẹ̀gún bá fẹ́ pa èèyàn, kí ó jẹ́ pé ojú èèyàn náà rí i pé ó kàn án.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀rọ̀ ojú géèmù, àti gbígbé e jáde

Èdè Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú géèmù náà. Fọ́ńtì píksẹ́lì tí mo yàn kò ní ẹ àti ọ, ká má tíì sọ ti àmì ohùn. N kò tètè mọ̀, torí pé lórí kọ̀ǹpútà mi Godot ń yá lẹ́tà tó ṣaláìní lọ́wọ́ àwọn fọ́ńtì inú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo gbé géèmù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò rí ibi yá a, orúkọ ọ̀pọ̀lọ́ sì di àpótí òfìfo. Mo fi Noto Sans sí ìdí fọ́ńtì náà gẹ́gẹ́ bí arọ́pò, lẹ́tà gbogbo yọ.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà, ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀ kò yọ. Opolo.png ni orúkọ fáìlì, opolo.png ni mo kọ sínú kóòdù. Windows kò ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí, géèmù tí a ti dì jáde kà á sí. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo fáìlì mi ń jẹ́ báyìí. Ohùn náà kò dún ní ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ̀rọ ìwá-íntánẹ́ẹ̀tì (bráwúsà) kì í jẹ́ kí ohùn dún kí ẹni tó ń lò ó tó tẹ nǹkan. Mo fi ojú-ewé “Tẹ bọ́tìnnì kan” síwájú.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Mo tún ní kí àbúrò mi gbá a, mo sì tún ka 20 tó já. Ọ̀kan péré ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí aago_eti ti tán, fírémù 8 lẹ́yìn etí kòtò. Àwọn tó kù, ó fò, àmọ́ ibi tó fò sí ni kò tọ́. Ó já nígbà 41 kó tó parí ìpele kẹta, kò sì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà kan tó já, mo gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀: “Èmi ni mo pẹ́.”

Ohun tí kò tíì yanjú: nínú ìpele kẹrin tí mo ń fi kún mẹ́ta àkọ́kọ́, pákó kan wà tó ń gòkè ní píksẹ́lì 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ọ̀pọ̀lọ́ bá fò látorí rẹ̀, Godot á fi ìyára pákó kún ìyára fífò, 297 á di 337, ọ̀pọ̀lọ́ á sì ga dé 67 dípò 52, á fo pèpéle tó yẹ kó dúró sí kọjá. Mo lè yí ètò tó ń jẹ́ platform_on_leave sí Do Nothing kí ó dẹ́kun. Àmọ́ àbúrò mi ti fò látorí pákó náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín sókè, nítorí náà pèpéle ni mo ń sún sókè báyìí, táìlì kan lókè ibi tó wà tẹ́lẹ̀, láti wò ó bóyá á ṣiṣẹ́.